Eérú Kò Gba Òkè Mọ́

Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá, 2018

Mufléh mi, ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé tí o ti lọ. Mo ra ìwé yìí ní ṣọ́ọ̀bù Nazmí nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ti òní fún. Bí mo bá sọ ọ́ fún àbúrò rẹ, á ní òun ti wí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ilé yìí, wọ́n á ní kí ni opó ń wá nígboro.

Eérú, ọkọ̀ rẹ, dá àrà lónìí.

A ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn ní Írbídì, èmi àti Màmá Wadíà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, nítorí kíndìnrín rẹ̀ tó ti bàjẹ́, ó ń tòògbé, orí rẹ̀ wà lára fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìwọ bá ń wa ọkọ̀. Ọkọ̀ lọ dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú. A dé ìdí òkè tó wọ Húsínì, ìlú wa, mo tẹná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ kò lọ. Ariwo ń pọ̀ sí i, eré ń dínkù. Bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni jíà wọlé gbàù, ó ta wá síwájú, èéfín sì yọ lábẹ́. Òórùn yẹn, Mufléh. Bí irun ewúrẹ́ tó jóná nínú epo àná. Mo ti fọ ìborùn mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì wà nínú rẹ̀.

Màmá Wadíà la ojú kan. Ó ní, "Rihábù, ọkọ̀ yìí ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já ogún gbà lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n sin ọ́. Ẹ̀rín yẹn sì di ẹkún, obìnrin náà ṣe bí ẹni pé òun ti sùn padà.

Ńṣe la rá délé. Ní ìrọ̀lẹ́ mo wo abẹ́ ọkọ̀. Epo jíà wà nílẹ̀, pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀.

Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Mo-Ti-Wí-Tẹ́lẹ̀ wá. Àbúrò rẹ Fawásì kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. "Ìyàwó wa, mo ti wí tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ọdún méjìlélógún. Jíà ọ̀tómátíìkì tó bá ti bàjẹ́, òkú ni. Ẹ jẹ́ ká tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ kó tó di irin lásán." Ó jẹ ìrẹsì mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ orí àga tí o fẹ́ràn, ó ní ọkọ̀ ti kú.

Kò tíì tó ogún ọjọ́ tí o lọ. Ẹnu rẹ̀ kò kọ́ nígbà tó ń sọ "òkú."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Takisí la gbé. Awakọ̀ náà fa sìgá láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ilé ìwòsàn, fèrèsé wà ní títì nítorí òtútù ń mú un. Nígbà tí a ń padà, Màmá Wadíà bì. Díẹ̀ báyìí, sínú ọ̀rá tí mo mú dání, ìwọ̀nba ẹ̀kán méjì ló kan àga. Ọkùnrin náà dúró sí ẹ̀bá títì, ó ní ká sọ̀ kalẹ̀ ká nù ún. Obìnrin ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ lápá rẹ̀, dúró sínú afẹ́fẹ́ títí mo fi nù ún tán. Ó wá wo àga náà, ó tún ní, "Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀."

Tìrẹ ńkọ́, ìwọ onísìgá.

Mufléh, ọdún mẹ́fà ni o fi ń gbé obìnrin náà lọ, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, o kò fi ojú yẹn wò ó lọ́jọ́ kan.

Jírjísì ọmọ rẹ̀ pè láti Kánádà ní ìrọ̀lẹ́. Ó gbọ́ nípa ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ dára, kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ní, "Àǹtí Rihábù, ẹ ti ṣe gudugudu méje, ẹ sinmi." Ó ti bá àwọn obìnrin ìjọ kan sọ̀rọ̀ ní Àmánì, olú ìlú, wọ́n ní ilé fún àwọn arúgbó, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà nítòsí. Ibùsùn kan yóò ṣófo ní ogúnjọ́ oṣù yìí. Bí kò bá sí ọkọ̀ di ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni ìyá òun ń lọ.

Màmá Wadíà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́ńtì. Kò gbé ojú sókè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Mo lọ sí àgbègbè àwọn mẹkáníìkì. Mo ti pe lèmọ́mù lórí fóònù ṣáájú, ó ní fún ohun tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, lọ́sàn-án, opó lè jáde. Mo mú Fawásì dání kí ẹnu má bàa pọ̀. Àṣìṣe ni. Ọ̀gá ibẹ̀, tí mo sọ ní Olójú-Ẹ̀rọ, kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo bi í ní ìbéèrè, ó dá Fawásì lóhùn. Ó ki wáyà bọ abẹ́ sítíárìn, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó ń jẹ hóró èso, ó ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀ ọkọ̀. Sílẹ̀ ọkọ̀ rẹ, Mufléh, tí o máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbá.

"Jíà ti tán," ló wí. Fún Fawásì.

Mo ní, "Ẹ ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ó ní, "Ẹ sọ fún hájíà pé ẹ̀rọ ti rí i."

Mo-Ti-Wí-Tẹ́lẹ̀ mi orí. Èèpo hóró mọ́kàndínlógójì ni mo ṣà nílẹ̀ nígbà tí mo délé. Mo kà wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Takisí. Ẹlòmíràn. Èyí kò fa sìgá, ṣùgbọ́n ó já wa sílẹ̀ ní ìdí òkè, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ni òun máa ń gùn ún lọ́jọ́. A rìn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Màmá Wadíà jókòó sórí ògiri kí a tó délé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọ̀sẹ̀ kẹta. Mo se mansáfù díẹ̀, ẹran inú wàrà lórí ìrẹsì, fún àwọn aládùúgbò, nítorí tìrẹ. Mi ò lè jẹ ẹ́. Òórùn jíà yẹn ni mo ń gbọ́ nínú wàrà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Èmi nìkan ni mo lọ lónìí. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ní ẹ̀yìn. Ọ̀gá yìí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, mo ti fẹ́ máa dúpẹ́. Ó fa ọ̀pá géèjì epo jíà yọ, ó gbé e sí imú, ó nà án sí mi.

"Ẹ rí i? Ó ń hó. Ó yọ ìfófó bí ọṣẹ. Jíà ń jẹ ara ẹ̀ nínú."

Ó nu epo náà sí itan ṣòkòtò rẹ̀, ó mú mi lọ ẹ̀yìn láti fi jíà àlòkù hàn mí. Wọ́n yọ ọ́ lára ọkọ̀ tó ní jàǹbá. Ẹyẹlé ti ṣu sórí rẹ̀, èkúté kan ti gbẹ sínú ihò ibi tó ti ń bá ẹ́ńjìnnì pàdé. Gbígbẹ pátá, pẹ̀lú ìrù. Ó fi ìka ta á jáde.

"Ó mọ́ nínú," ló wí.

Mo ní mo fẹ́ lọ rò ó. Ó ní kí n má rò ó pẹ́, àwọn èèyàn Ìráákì ń béèrè rẹ̀. Ó wá wo aṣọ dúdú mi. "Ikú ọkọ, àbí? Ẹ ò sì yẹ kẹ́ ẹ wà níta. Ẹ rán ọkùnrin ilé."

Mo dá a lóhùn pé ọkùnrin ilé wà ní ìsà òkú, bí ó bá lè dé ibẹ̀ kí ó lọ bá a dúnàádúrà.

Mo wa Eérú jáde níbẹ̀, ó ń ké, ó ń jó, kò yára ju arúgbó tó ń fọ̀pá rìn lọ. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo da omi púpọ̀ sórí nígbà tí mo délé.

Ajé, ọjọ́ kejìlá

Ìyá Ziyádì tó ń gbé òkè dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní òun kò ní nǹkan sọ. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá kò pọ̀ jù láti jókòó nítorí ọkùnrin rere. Pé mo ń jáde nítorí Màmá Wadíà, ẹni tí kì í tilẹ̀ ṣe ẹlẹ́sìn wa.

Mo bi í pé, nígbà tí o gbé ọmọ rẹ̀ tó dáku lọ sílé ìwòsàn láàárín òjò, ṣé o bi í ní ẹ̀sìn rẹ̀. Ó ní kí n má bínú. Mo bínú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Fawásì mú àwọn tó ń tú ọkọ̀ wá láìsọ fún mi. Ọkùnrin méjì. Mo wo láti ojú fèrèsé, mo rí ọ̀kan tó jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Eérú, tó ń fi gìgísẹ̀ lu táyà. Mo sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà.

Fawásì ní, "Ẹ farabalẹ̀, ìyàwó wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó lásán. Èmi náà ní ìpín níbẹ̀."

Ó ní in. Mo mọ̀ ọ́n. A kò bímọ, orúkọ lásán ni Sanádì tí wọ́n fi ń pè wá ní bàbá àti ìyá rẹ̀, nítorí náà àbúrò rẹ ní ìpín. Mo ní kí ó mú ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí ìpín, kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Fawásì kò rẹ́rìn-ín. Kò wo ọkọ̀ náà rárá, mo ṣàkíyèsí. Ògiri ló ń wò.

Wọ́n lọ. Mo fi aṣọ nu ibi tí ọkùnrin yẹn jókòó sí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo bá Màmá Wadíà tó ń di ẹrù. Àpótí kékeré kan, àwòrán ọkọ rẹ̀, síbí igi mẹ́ta.

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi síbí ṣe níbẹ̀? Wọ́n á máa se oúnjẹ fún yín."

"Màá fi lù wọ́n."

Ó jókòó sórí ibùsùn. Ó ní òun kò bẹ̀rù àwọn obìnrin ìjọ, òun kò bẹ̀rù Àmánì. Pé ohun tí òun ń bẹ̀rù ni kí wọ́n máa pe òun ní "ìyá arúgbó yàrá keje." Ó ní níhìn-ín, gbogbo ẹni tó bá kí òun mọ orúkọ ìyá òun.

Mo bá a di aṣọ kan, mo tún tú u.

Nígbà tí mo fẹ́ jáde ló rántí ọkùnrin kan, ọmọ ẹ̀yà Sàkásíà, tó bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àwọn ológun. Àbú Yinálì. Ó ti fẹ̀yìntì tipẹ́, ó wà ní ìlú Járáṣì. "Bí kò bá tíì kú," ló wí. Ó pè é. Kò tíì kú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àbú Yinálì wọ bọ́ọ̀sì wá. Ọkùnrin gíga, tínrín, ó wọ kóòtù, bàtà rẹ̀ ń dán, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó mu kọfí kan ní ìdúró, ó ní, "Ọmọ mi, má sọ ohun tí wọ́n wí fún mi. Sọ ohun tí ọkọ̀ ṣe."

Mo sọ ọ́. Òkè. Ariwo. Èéfín. Epo ilẹ̀. Ó bi mí bóyá ó ń ṣe é nígbà tí ó tutù. Mo ní rárá, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n."

Ó ní kí n wà á yíká àdúgbò títí yóò fi gbóná, òun jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ojú. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbọ́ ohùn ojúlùmọ̀. A dúró sí ibi títẹ́jú. Ó ní kí n má pa ẹ́ńjìnnì. Kí n di bíréèkì mú, kí n fa jíà gba gbogbo ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, kí n dá a padà sí P, ibi ìgúnlẹ̀. Ó tú okùn tí wọ́n fi so bọ́nẹ́ẹ̀tì (láti ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti kú, gbogbo àdúgbò ló ń ṣí i láti yá bátìrì). Ó fa ọ̀pá géèjì, ó fi áńkáṣíìfù funfun nù ún, ó dá a padà, ó tún fà á.

Epo ti kọjá àmì pátápátá. Ó gun ọ̀pá lọ sókè ní ìbú ìka mẹ́ta, ìfófó sì bò ó, pupa rẹ́súrẹ́sú.

"Kò ṣàìsàn," ló wí. "Àjẹkì ló ń ṣe é."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, èmi, kì í ṣe fún ọkùnrin kankan. Epo ló ń ti jíà wọlé. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn irin tó ń yí nísàlẹ̀ á máa lù ú bí ẹni ń po ẹyin, á di ìfófó. Ìfófó kò lágbára. Jíà nawọ́ láti di nǹkan mú, afẹ́fẹ́ ló bá. Àpọ̀jù náà ń tú jáde lójú ihò mímí lókè, ó ń kán sórí páìpù èéfín, òórùn nìyẹn. Ó ń kán sílẹ̀, a sì rò pé ó ń jò. "Ẹlòmíì á rí i nílẹ̀, á tún bu sí i."

Ó fi ọwọ́ gbígbọ̀n rẹ̀ kan rọ́bà kan nísàlẹ̀. "Èyí tuntun. Ta ló pààrọ̀ ẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́ta ni rọ́bà yẹn fi jò, tí o sì ń fún Eérú ní ìgò epo kan ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù, tí gbogbo àdúgbò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ rẹ ń mu ju ọ lọ. O ti tún un ṣe. O kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bóyá o fẹ́ sọ.

Ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ihò géèjì, ó fi ṣírínjì àwọn oníṣègùn màlúù fa epo náà. Ìgò kan. Ìgò méjì. Ìgò mẹ́ta. Nígbà tí ìkẹrin kún, ó dúró, ó wò mí.

"Ọmọ mi, èèyàn mélòó ló fẹ́ràn ọkọ̀ yìí?"

A jẹ́ kí ó sinmi kí ìfófó wálẹ̀. A jẹ búrẹ́dì àti ólífì pẹ̀lú Màmá Wadíà, tí ó ń pe Àbú Yinálì ní ọmọdékùnrin. Lẹ́yìn náà mo wa Eérú gun òkè. Jíà kìíní, ìkejì, ìkẹta, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Mo ti gbàgbé bí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ṣe rí.

Àbú Yinálì ní epo náà ti jóná díẹ̀, pé lẹ́yìn oṣù kan òun á wá fọ asẹ́ rẹ̀, òun á pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì padà. Kò jẹ́ kí n fún òun ní nǹkan kan àfi ìgò ólífì.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

A lọ. A bọ̀. Òkè gbà wá.

Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo wá àwọn tó bu epo.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Nazmí, nítorí ó wo ilẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Ó ní, "Ìyá Sanádì, ọjọ́ kìíní oṣù ni mo rántí. Mo ní ta ni yóò fún un báyìí tí onítọ̀hún ò sí? Mo ṣe é ní sàárà fún un." Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí sàárà tí a bá sọ, láádá rẹ̀ ń dínkù.

Ẹnì kejì ni ládàánì. Kò tilẹ̀ tijú. Ó ní lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ni, òun sì ka Fátíhà sí i kí òun tó dé ìdérí.

Ẹnì kẹta ni Fawásì.

Mo pe Fawásì sílé, mo gbé ìgò epo kan sórí tábìlì. Ó ní òun ló kọ́kọ́ bu sí i, ní àárọ̀ kùtù. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi wá ń fẹ́ tà á. Ó ní, "Mo máa ń gbọ́ ìró ẹ̀ lójú títì, màá ti yíjú kí n tó rántí pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Ojoojúmọ́, ìyàwó wa. Mi ò lè." Ó nu imú sí aṣọ orí àga yẹn kan náà.

Mo fẹ́ máa kórìíra rẹ̀ lọ. Kò jẹ́ kí n rí i ṣe dáadáa.

Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Ọjọ́ kejìlélọ́gbọ̀n.

Mufléh, ẹni mẹ́ta ni mo kà fún Àbú Yinálì lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ìgò mẹ́rin ni mo fà." Mo ní bóyá ẹni kẹrin ti lọ ìrìn-àjò.

Èmi ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo wọ kóòtù rẹ lórí aṣọ opó, mo sọ̀ kalẹ̀, mo bu ìgò kan. Mi ò wo géèjì. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n máa ń wò ó. Mo ṣe é nítorí pé ọjọ́ rẹ ni, mo sì fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé o jí. Mi ò kọ ọ́ síbí nítorí láádá náà, mo fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ lódindi. Láti ìgbà náà mo ti pe gbogbo ènìyàn ní orúkọ nínú ìwé yìí. Olójú-Ẹ̀rọ. Mo-Ti-Wí-Tẹ́lẹ̀. Ìríra wọn kún inú mi tó bẹ́ẹ̀ tí ọbẹ̀ ń kọ̀ mí. Ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀, tó ń rùn epo kan náà.

Àwọn méjì nínú ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn, mi ò gbà padà ohun tí mo kọ nípa wọn. Èkúté wà nínú jíà yẹn.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Írbídì dé nígbà tí Jírjísì pè ní ọ̀sán. Àwọn obìnrin ìjọ ń béèrè, ibùsùn ti ṣófo. Mo gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n fún ẹni tó ń ṣàìsàn. Èmi ń lọ, èmi ń bọ̀." Ó gé ìpè náà. Ó ti tú àpótí. Àwọn síbí ti padà sínú agolo.

Mo ti ní kí Nazmí, ládàánì àti Fawásì má ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ láìpè mí. Mo ti mọ géèjì í kà: kí ọkọ̀ gbóná, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí jíà wà ní ìgúnlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, màá gbé Màmá Wadíà lọ. Àìkú náà. Ìṣẹ́gun náà. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí o ṣe ń ṣe é, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń fẹ́ lọ, màá máa gbé e.